Ta Ló Ní Kí Ṣọ́jà Má Lẹ́gbẹ́?

Èrò kan wà tó ti di òtítọ́ lẹ́nu wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dán an wò: pé ẹni tó bá wọṣẹ́ ológun ti bá ẹbí àti ẹgbẹ́ pín gaarí. Láti Ọ̀fàtẹ̀dó dé Òṣogbo, títí lọ dé Iléṣà, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ṣọ́jà nìyí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tí ṣọ́jà fẹ́ fẹ́. Wọ́n á ní ìjọba ló ni ṣọ́jà. Kò lè dájú pé yóò débi ìsìnkú bàbá rẹ̀, kò lè bá ẹgbẹ́ dáṣọ kó sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wọ̀ ọ́, wọ́n lè sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì yẹ kó ráhùn, torí ó mọ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Àwọn tó ka ara wọn sí ọ̀làjú ń sọ ohun kan náà lọ́nà tiwọn. Wọ́n ní kí ṣọ́jà kọ́ bí wọ́n ti ń ṣètò àkókò, kó máa fi fóònù kí ìyàwó láràárọ̀, kó máa fowó ránṣẹ́ sí òde tí kò lè lọ. Ohùn méjì ni, orin kan ṣoṣo ni. Àwọn méjèèjì gbà pé ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ogun, ọ̀tọ̀ ni àwùjọ, àti pé ṣọ́jà nìkan ló ni wàhálà bí yóò ṣe pa méjèèjì pọ̀. Mo lòdì sí èrò náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Inú àwùjọ ni ogun ilẹ̀ wa ti ń rí ọmọ ogun gidi láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Àjèjì ló mọ ògiri sáàárín wọn fún ìdí tirẹ̀. Bí ṣọ́jà òde òní kò bá sì ráyè fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, kì í ṣe òun ni kò mọ ètò ṣe. Ẹni tó rán an lọ ni kò ṣètò bí yóò ṣe padà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ibẹ̀ ni ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin, tí wọ́n dá àwọn ẹlẹ́ṣin dúró kí wọ́n má baà sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn wo ni ọmọ ogun náà? Kò sí èyí tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ìjọba kankan nínú wọn, kò sì sí èyí tó ń gbé bárékè. Agbo ilé ni wọ́n ti jáde. Ọkùnrin tógun lé kúrò nílùú rẹ̀, tó sá dé Ìbàdàn, yóò wá baba ogun kan tí yóò sá di. Ilé baba ogun ni yóò máa gbé, oko rẹ̀ ni yóò máa ro nígbà tí kò bá sógun, baba ogun náà ni yóò bá a fẹ́yàwó, òun náà ni yóò dúró tì í bó bá lẹ́jọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde ogun, ẹni tó bá a jẹun lánàá, tó bá a jó níbi ìsìnkú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni yóò gbé ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè sọ pé ibí ni iṣẹ́ parí sí, ibí ni àwùjọ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó mú kó má sá nígbà tí ọta ìbọn bá ń fò ni pé ojú tó ń wò ó lójú ogun ni yóò wò ó nílé. Mi ò sọ pé ayé ìgbà yẹn dára. Àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí jó ilé onílé, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú, ọ̀pọ̀ ìlú ni wọ́n sì sọ dahoro. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé ẹni tó bá lẹ́bí, tó lẹ́gbẹ́, tó ń lọ òde, kò lè jagun, kó kọ́kọ́ lọ bi Ìlọrin ohun tójú wọn rí ní Òṣogbo.

Ogun Kírìjì tún làdí ọ̀rọ̀ yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1877 yìí, tí àwọn jagunjagun kò tú ká pátá títí di ọdún 1893, àwọn òkè tó wà láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ ni wọ́n ti jà á, ìlú méjèèjì sì ń bẹ nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Ìbàdàn wà lápá kan lábẹ́ Ààrẹ Látòòsà, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà lápá kejì lábẹ́ Ògèdèǹgbé. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ibùdó ogun méjèèjì? Wọ́n di ìlú. Àwọn jagunjagun fi amọ̀ kọ́lé, ìyàwó wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n dáko, wọ́n ná ọjà, wọ́n bímọ síbẹ̀. Látòòsà fúnra rẹ̀ kú síbùdó náà ní 1885, ogun ò sì tìtorí ẹ̀ parí. Bí ìyàwó, ọmọ àti ọjà bá ń sọ jagunjagun di ọ̀lẹ, báwo ni wọ́n ṣe kojú ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ìkan borí ìkejì? Ibi tó wá le jù nínú ìtàn yìí fún ẹni tó ń bá mi jiyàn ni ti Èkó. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tó ti oko ẹrú padà wálé, ní ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tiwọn. Ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti mọ ẹgbẹ́: wọ́n ń pàdé, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ ayọ̀ àti lọ́jọ́ ọ̀fọ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló di Èkìtìparapọ̀ ti Èkó, òun ló sì rí sí i pé ìbọn ìgbàlódé tó ń tètè yìn dé ọwọ́ àwọn tó wà lórí òkè. Ìbọn yẹn ni Ìbàdàn kò tètè rí irú rẹ̀. Ẹni bá ní ẹgbẹ́ kò wúlò fún ológun, ẹgbẹ́ ló gba Ìjẹ̀ṣà sílẹ̀ lọ́wọ́ Látòòsà.

Níbo wá ni ògiri yìí ti wá? Ní 1863, Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ogun jọ fún ìjọba rẹ̀. Kò lọ sí agbo ilé kankan ní Èkó. Àwọn Haúsá tó ti jẹ́ ẹrú, tí wọ́n sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, ló kó jọ, wọ́n sì ń pè wọ́n ní Haúsá Glover. Ọgbọ́n tó wà ńdìí ẹ̀ kò ṣòroó rí. Ẹni tí kò ní bàbá, ìyá tàbí àna nílùú, tí kò sí ẹnikẹ́ni tí yóò bá a wí bó bá dé ilé, ló rọrùn láti rán sí ìlú. Inú irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti fa iṣẹ́ ológun ilẹ̀ yìí yọ. Lugard, ológun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ láti 1897, ìyẹn sì ni bàbá ńlá ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi irú wọn ṣe nílẹ̀ wa. Ní 1892 wọ́n fi wọ́n fọ́ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ní 1895 Bower, ọ̀gá òyìnbó tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, yìnbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́. Ẹ ronú bí ìbá ṣe rí bó bá jẹ́ pé ọmọ ogun tó wà nídìí ìbọn yẹn ní àna ní Ọ̀yọ́, tàbí pé ó ti bá ẹgbẹ́ kan dáṣọ níbẹ̀. Bárékè tó wà lódìkejì ìlú, tí ọmọ ìlú kò gbọdọ̀ wọ̀, ìgbé-kiri láti ìpẹ̀kun ilẹ̀ kan dé ìkejì, àṣà kí ṣọ́jà má gbé láàárín àwọn tó mọ orílé rẹ̀: ìjọba tó ń bẹ̀rù àwọn tó ń jọba lé lórí ló nílò gbogbo rẹ̀. Ìjọba yẹn ti lọ láti 1960. Àwa la ṣì ń tọ́jú ògiri rẹ̀, a tún ń pè é ní ìbáwí.

Ohun kan wà tó máa ń yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá ní kí ọmọ Yorùbá dárúkọ ṣọ́jà òde òní kan tó fi ń yangàn, Adékúnlé Fájuyì ọmọ Adó-Èkìtì ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ dá. Kí la fi ń yìn ín? Ó jagun ní Kóńgò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn la fi ń rántí rẹ̀. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ ni ọjọ́ 29 oṣù Keje 1966, nígbà táwọn ṣọ́jà ọlọ̀tẹ̀ wá mú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, nílé ìjọba ní Ìbàdàn, tí Fájuyì tó gbà á lálejò bá a lọ, tí wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Àwọn kan ń jiyàn títí dòní bóyá wọ́n ti fẹ́ pa òun náà tẹ́lẹ̀. Mi ò ní yanjú ìyẹn níbí. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé ìwà onílé sí àlejò la gbé gẹ̀gẹ̀ lára ológun náà, ìwà tí wọn kì í kọ́ ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀kọ́ ológun ní Kàdúná. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ẹnu kan náà tó ń yin Fájuyì báyìí ló tún ń sọ fún ṣọ́jà kékeré pé kó gbàgbé ilé.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóde òní, torí ibẹ̀ ni èrò yìí ti ń pa wá lára. Ní oṣù Keje 2020, àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé àwọn ṣọ́jà 356, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lójú ogun ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, kọ̀wé pé àwọn fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé iṣẹ́ náà ti sú àwọn. Gbogbo ènìyàn ló pariwo lórí 356 yẹn. Èmi rò pé iye kejì tó wà nínú ìròyìn kan náà ló yẹ ká dúró lé lórí: àwọn 24 mìíràn kọ̀wé pé àwọn fẹ́ lọ jẹ oyè nílé. Ọ̀pọ̀ ló fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ṣé nítorí oyè ni géńdé ọkùnrin ṣe ń sá kúrò lójú ogun? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Yálà oyè ni lóòótọ́ tàbí ọ̀nà àbáyọ ni wọ́n ń wá, ìdí tí wọ́n kọ sínú ìwé, tí ọ̀gá wọn sì lè kà láìbínú, ni pé ilé ń pè wọ́n. Àwọn ènìyàn yìí ti gba ẹ̀kọ́ ogun, wọ́n ti mọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jà, ìjọba sì ti náwó lé wọn lórí. A jẹ́ kí wọ́n lọ nítorí pé a kò rí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà jẹ́ ṣọ́jà kó sì tún jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni yíyàgò fún ẹbí ń sọ ṣọ́jà di akin, ó yẹ kí àwọn tó pẹ́ jù nínú igbó jẹ́ ẹni tó gbóná jù fún ogun. Òdìkejì rẹ̀ la rí. Ní oṣù Kẹjọ 2018, àwọn ṣọ́jà dá wàhálà sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Màídúgùrì, wọ́n ń yìnbọn sókè, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n tún fẹ́ kó wọn lọ síbòmíràn. Ẹjọ́ wọn kò ju pé ó ti lé ní ọdún mélòó kan tí wọ́n ti wà lójú ogun, ilé sì ni wọ́n ń retí. Ẹni tó ń yìnbọn sófuurufú torí kò rí ilé lọ kò tíì gbàgbé ilé, bó ti wù kí ilé-iṣẹ́ ológun fẹ́ kó gbàgbé rẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ ti ibùdó àgùnbánirọ̀ ní Yíkpátá, ìpínlẹ̀ Kwara, ní oṣù Kejìlá 2021, tún fara jọ ọ́. Àgùnbánirọ̀ kan kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́jà obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó na òrùka sí i, obìnrin náà gbà á, fídíò rẹ̀ sì tàn ká. Ṣọ́jà obìnrin náà lọ sí àtìmọ́lé. Ilé-iṣẹ́ ológun ka òfin tó rú sílẹ̀: ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó yẹ kó máa kọ́ ló ń bá a ṣeré ìfẹ́, àti pé ṣọ́jà gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 ó kéré tán kó tó lè ṣègbéyàwó. Wọ́n padà forí jì í. Mo fara mọ́ apá kan nínú òfin yẹn. Ẹni tó ń kọ́ni kò gbọdọ̀ máa fẹ́ ẹni tó ń kọ́, bí ó ti yẹ kó rí nílé ìwé gbogbo náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe gbèjà òfin náà. Kì í ṣe pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ tẹnu mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Kí ló ń wá nínú ìfẹ́, ṣebí ṣọ́jà ni?" Ìyẹn ni pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an ni pé ó ṣe bí ènìyàn nínú aṣọ ìjọba. Mi ò mọ bí a ṣe máa fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ bá ọmọ wa lò, ká tún retí pé kó fi ẹ̀mí rẹ̀ jìn fún wa.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mò ń sọ kì í ṣe ti àwọn tó ń pariwo ìbáwí. Àtakò tó lágbára ni ti àwọn tó ní ṣọ́jà ò ṣaláìní àwùjọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú bárékè ni àwùjọ rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí tó dára. Ní 1948, àwọn onímọ̀ méjì, Shils àti Janowitz, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ogun Jámánì nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ìlànà ìṣèlú Hitler ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn máa jà nígbà tógun ti ń bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn kéréje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń sùn, ni wọn kò fẹ́ já kulẹ̀. Mo gba ìwádìí yìí wọlé tọwọ́-tẹsẹ̀, torí èmi gan-an ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ohun tó ń sọ ni pé ìfẹ́ ọmọlàkejì ló ń gbé ènìyàn dúró lójú ogun. Ẹni tí a ti kọ́ pé kó má sún mọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kàn ṣàdédé mọ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ẹni tó wà nínú ihò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ náà ń kú, wọ́n ń gba ìgbékúrò, wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tí ṣọ́jà bá bọ́ aṣọ ìjọba, bárékè yóò ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ìlú ni yóò sì padà sí. Bí ó bá ti lo ọdún 30 láìmọ ẹnikẹ́ni nílùú, àjèjì ni yóò padà bọ̀. Bárékè fúnra rẹ̀ pàápàá kò lè wà láìsí àwùjọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa mámì-máàkẹ́ẹ̀tì, ọjà inú bárékè, ni pé ìyàwó ṣọ́jà kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní bárékè Abákpà ní Ẹ̀núgù ní nǹkan bí 1959, nígbà tó ń ta kúnú. Wọ́n kọ́kọ́ lé e, àwọn ṣọ́jà tó ń mu kúnú ló jẹ́ kí wọ́n pè é padà. Lónìí, bárékè wo ni kò ní mámì-máàkẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà? Ilé-iṣẹ́ ológun kò gbèrò rẹ̀, kò sí nínú ìwé òfin tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀. Obìnrin kan àti ìkòkò rẹ̀ ló dá ògiri náà lu.

Ti àṣírí ńkọ́? Wọ́n ní ṣọ́jà tó bá ń lọ òde yóò mutí, ẹnu rẹ̀ yóò sì já, àwọn ọ̀tá yóò gbọ́. Ní ìlú tí a ti ń bá Bókò Háráámù jà láti 2009, mi ò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ àṣírí. Àmọ́ ẹ wo ibi tí àṣírí ti ń jáde lóde òní. Ṣé ibi ìsọmọlórúkọ ní Ọ̀fàtẹ̀dó ni, àbí orí fóònù ṣọ́jà tó ti pẹ́ jù nínú igbó, tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, tó wá gbé kámẹ́rà dúró, tó ń fi ìbínú ka ibi tí wọ́n wà, irú ìbọn tí wọn kò ní àti iye ọjọ́ tí oúnjẹ kò fi dé? Irú fídíò bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó mọ̀ pé lóṣù tó ń bọ̀ òun yóò jókòó ti bàbá òun, òun yóò sì sọ ìwọ̀nba tó ṣeé sọ, kò nílò kó pe gbogbo ayé sí i.

Ní ti owó, n kò ní jiyàn púpọ̀. Ó dájú pé òwàm̀bẹ̀ lè jẹ owó oṣù ṣọ́jà tán kí oṣù tó dé ìdajì, aṣọ ẹbí ilẹ̀ Ọ̀ṣun kò sì mọ kékeré ṣọ́jà yàtọ̀ sí ọ̀gágun. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà ń kojú ẹ̀, nọ́ọ̀sì ń kojú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n má lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Kí ṣọ́jà jókòó lábẹ́ igi níwájú ilé ìyá rẹ̀ kó ta ayò, kó bá ọmọ rẹ̀ lọ ilé ìwé lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí, kó gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé itẹ́: kò sí aṣọ ẹbí nínú ìyẹn.

Àwọn kan yóò wá ní, ó dára, ilẹ̀ tó bá lówó ló lè ronú irú nǹkan báyìí. Ẹ jẹ́ ká wo Britain, tó fi bárékè sílẹ̀ fún wa. Ní 2018, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin tó jẹ́ kí ọmọ ogun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ gbogbo lè bẹ̀bẹ̀ fún àyípadà nínú ètò iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láti 2019, ó lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kù, tàbí kí wọ́n má mú un kúrò nílé ju ọjọ́ 35 lọ lọ́dún. Ilé-iṣẹ́ ológun lè kọ̀, wọ́n sì lè pè é padà bí ewu ńlá bá dé. Wọn kò ṣe é nítorí àánú. Wọ́n ṣe é torí pé àwọn tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ ń lọ, àti pé ó wọ́n láti fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ẹni tó kọ́ wa ní ògiri ti ń wó tirẹ̀, àwa ṣì ń rẹ́ tiwa. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: Britain kò ní Bókò Háráámù nínú igbó rẹ̀, a kò sì ní ṣọ́jà tó pọ̀ tó láti máa pààrọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, èmi náà kò sì ní kí wọ́n gbé òfin Britain wá síbí bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ṣọ́jà kò tó, kí ni a ń fi èyí tí a ní ṣe? Ó wà lójú títì tó ń dá mọ́tò dúró. Ó wà níbi ìdìbò. Ó ń tẹ̀lé àwọn ènìyàn ńlá kiri. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni gbogbo ìwọ̀nyí, ṣọ́jà ló sì ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ yìí. Ìgbà tí wọ́n bá dá iṣẹ́ ọlọ́pàá padà fún ọlọ́pàá, a óò mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni kò sẹ́ni tó lè lọ gba ẹni tó ti pẹ́ ní Bọ̀rnó sílẹ̀. Títí di ìgbà náà, àwáwí ni.

Àwa tó wà nílé kò sì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ti sọ ṣọ́jà di ohun méjì péré: àpò owó àti kùmọ̀. Ọ̀fàtẹ̀dó, ìlú tí àwọn ọmọ Ọ̀fà tẹ̀dó nítòsí Òṣogbo ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, kò jìnnà sí Ẹdẹ níbi tí bárékè àwọn ṣọ́jà ẹnjiníà wà. A ń rí ṣọ́jà lójoojúmọ́. Ìgbà wo la máa ń pè wọ́n? Bí owó ẹ̀dáwó bá kù díẹ̀, tàbí bí aládùúgbò bá wọ ilẹ̀ wa ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi wà ní bárékè?" Lẹ́yìn náà la óò padà sọ pé ìwà ipá ni ṣọ́jà mọ̀. Nígbà tó jẹ́ pé orí ìjà nìkan la ti pè é wá sáàárín wa, ìwà wo la fẹ́ kó hù? Ẹni tó bá mọ àwọn ará àdúgbò dáadáa, tó ti jẹun nílé wọn, tó mọ orúkọ ọmọ wọn, yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi bẹ́líìtì lu bàbá wọn torí ilẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rí kankan pé ìbátan máa ń fòpin sí ìwà ipá. Kírìjì kò jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé àjèjì ni Glover wá fún iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ ìdí tó fi wá a.

Ohun tí ó yẹ ká bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ológun kò wá le. Gbogbo ọmọ Òṣogbo ló mọ̀ pé oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun; ọmọ Iléṣà mọ ìgbà tí Ìwúdè ń bọ̀; Mùsùlùmí mọ ìgbà tí Iléyá yóò dé, Kristẹni mọ Kérésì. Ṣọ́jà mọ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí. Ọjọ́ líìfù tirẹ̀ nìkan ni kò mọ̀, torí ọwọ́ ọ̀gá ló wà, ọ̀gá náà kò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí tí yóò fi ku ọ̀la. Kò sí ètò àkókò tí ènìyàn lè fi ọjọ́ tí kò mọ̀ ṣe. Nítorí náà, nínú ìwé tí wọ́n fi ń rán ṣọ́jà lọ sójú ogun, ní abẹ́ ọjọ́ tí yóò lọ gan-an, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò padà wálé, kí ọ̀gá tó bá fẹ́ yí i padà máa fọwọ́ sí ìdí tó fi yí i padà, kí wọ́n sì fún ìdílé ṣọ́jà náà ní ẹ̀dà tiwọn.